Ta Ni Yóò Di Òṣùwọ̀n Mú? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dán Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n Àtọwọ́dá Wò

Bí ìyàwó ilé bá lọ ra gàrí lọ́jà, kì í ṣe gàrí nìkan ni ó máa ń wò. A máa gbé kóńgò òǹtajà sókè, a máa yí i dojú dé, a sì máa tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ó mọ̀ pé gàrí lè funfun kí ó sì kúná, síbẹ̀ kí ó má pé. Bí ó bá fura sí kóńgò náà, yóò ní kí wọ́n lọ yá ti ẹlòmíràn wá. Òye kan wà nínú ìwà yìí tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò tètè ní nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ẹ̀rọ tí a ń pè ní ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá. Òye náà ni pé ọ̀tọ̀ ni ọjà, ọ̀tọ̀ ni òṣùwọ̀n, àti pé kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ó ń ta ọjà nìkan ni yóò di òṣùwọ̀n mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Lónìí, ẹ̀rọ wà tí ó ń túmọ̀ èdè, tí ó ń kọ lẹ́tà, tí ó ń dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ń yẹ àròkọ wò. Wọ́n ń polówó wọn fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì ń sọ pé àwọn ẹ̀rọ náà gbọ́ Yorùbá. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ta ni ó sanwó fún un kí ó tó sọ ọ́? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kì í ṣe tuntun. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti tọpa wọn nínú ìtàn, kí a lè rí ohun tí ó ń sọ ìdánwò kan di ẹ̀rí tí a lè gbára lé, àti ohun tí ó ń sọ òmíràn di ìpolówó ọjà lásán.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wá. Ọ̀dọ̀ ẹṣin ni ó ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, ní ẹṣin kan ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Hans ni orúkọ ẹṣin náà. Wọ́n ní ó mọ ìṣirò: bí a bá bi í pé mélòó ni márùn-ún àti mẹ́rin, yóò fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, yóò sì dúró. Ní 1904, ìgbìmọ̀ kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Stumpf ṣáájú yẹ ọ̀ràn náà wò, wọn kò sì rí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀tàn kò sí: von Osten kì í gba owó lọ́wọ́ òǹwòran, ó sì gba ẹṣin rẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n Oskar Pfungst, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Stumpf, ṣètò ìdánwò mìíràn tí ẹni tí ó ń béèrè ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò fi mọ ìdáhùn. Kíá ni ọgbọ́n ẹṣin pòórá. Ìwé tí Pfungst tẹ̀ jáde ní 1907 fi hàn pé ara olùbéèrè ni ẹṣin ń wò. Bí ó bá ti lu ilẹ̀ dé iye tí ó tọ́, olùbéèrè yóò mi orí díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin yóò sì dúró. 

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí òpùrọ́ kankan nínú ìtàn yìí. Òtítọ́ inú olùdánwò dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí nǹkan yege lè ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí a gbà ṣètò ìdánwò ni ó gbọ́dọ̀ dí ojú ọ̀nà mọ́ ìfẹ́ inú ẹni.

Ní 1950, Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àròkọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà *Mind*. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ lè ronú. Dípò kí ó jiyàn lórí ìtumọ̀ ìrònú, ó dá eré kan sílẹ̀: kí adájọ́ wà nínú yàrá kan, kí ènìyàn kan àti ẹ̀rọ kan wà níbòmíràn, kí ọ̀rọ̀ àárín wọn sì jẹ́ kíkọ sílẹ̀ nìkan. Bí adájọ́ kò bá mọ èwo ni ènìyàn, ẹ̀rọ ti borí. Ohun méjì ni ó dára nínú ètò yìí. Adájọ́ kò rí ẹni tí ó ń dá lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ìbéèrè tí ó wù ú.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, àwọn aṣẹ̀rọ gbàgbé ohun kejì yìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1954, ilé-iṣẹ́ IBM àti Yunifásítì Georgetown pe àwọn oníròyìn jọ sí New York láti wo ẹ̀rọ tí ó ń túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó túmọ̀ gbólóhùn tí ó lé ní 60. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde tìyanutìyanu, Léon Dostert ti Georgetown sì sọ pé láàárín ọdún márùn-ún, bóyá mẹ́ta pàápàá, iṣẹ́ ìtumọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ pàtàkì lè di ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n 250 ọ̀rọ̀ àti òfin gírámà mẹ́fà péré ni ẹ̀rọ náà ní, àwọn tí ó ṣe é ni ó sì yan gbólóhùn tí wọ́n fi dán an wò. Wọn kò purọ́ nípa ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọn òǹwòran ni ó mú àṣàyàn bí ẹni pé àpẹẹrẹ gbogbo èdè ni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń náwó sí iṣẹ́ yìí, wọ́n béèrè èrè rẹ̀. Ní 1964, a yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje, John R. Pierce sì ni alága wọn. Ìgbìmọ̀ náà, tí a mọ̀ sí ALPAC, fi àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1966. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ lára wọn ni bí wọ́n ṣe wọn nǹkan. Nínú ìdánwò tí John B. Carroll ṣètò fún wọn, ìtumọ̀ mẹ́fà ni wọ́n kó jọ: mẹ́ta láti ọwọ́ ènìyàn, mẹ́ta láti inú ẹ̀rọ. Wọ́n da gbólóhùn wọn pọ̀ mọ́ra, tí ó fi jẹ́ pé olùdánwò kan kì í rí ju ẹyọ ìtumọ̀ kan lọ fún gbólóhùn kan. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n béèrè: ṣé gbólóhùn yìí yé ènìyàn? Ṣé ó gbé ohun tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ dé ibi tí ó ń lọ? Wọ́n lo àwọn tí ó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, wọ́n sì lo àwọn tí kò gbọ́ ọ. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí gbólóhùn lè dùn ún gbọ́ létí kí ó sì jẹ́ irọ́ gbáà.

Ìdájọ́ wọn le. Wọ́n ní ìtumọ̀ ẹ̀rọ falẹ̀ ju ti ènìyàn lọ, kò péye tó o, owó tí ó ń gbà sì tó ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn èyí, owó ìjọba fún iṣẹ́ náà gbẹ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan bínú sí ìgbìmọ̀ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe lónìí dá àwọn tí ó yẹ ẹ̀rọ ti àná wò lẹ́bi. Ohun tí ó wà níwájú wọn ni wọ́n wọ̀n. Ìgbìmọ̀ náà sì dámọ̀ràn kí a máa bá ìwádìí nípa èdè àti kọ̀ǹpútà lọ, ṣùgbọ́n "kò dára" nìkan ni etí gbọ́. Èyí kọ́ wa pé ohun tí ó lágbára ni ìdájọ́. Ẹni tí ó bá ń dá a gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó dán wò àti ohun tí kò dán wò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹjọ́ ẹran kan pa gbogbo agbo.

Ní ọdún 1966 kan náà, Joseph Weizenbaum ní MIT gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tí ó pè ní ELIZA. Ètò náà kò mọ nǹkan kan. Ó kàn ń yí ọ̀rọ̀ olùbéèrè padà di ìbéèrè ni. Bí o bá sọ pé inú rẹ bàjẹ́, yóò bi ọ́ ìdí tí inú rẹ fi bàjẹ́. Síbẹ̀, Weizenbaum ròyìn pé akọ̀wé òun, tí ó mọ bí wọ́n ṣe ṣe ètò náà, bẹ òun kí òun jáde kúrò nínú yàrá kí ó lè bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ odidi ìwé ní 1976 láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àwa tí a ń fún ẹ̀rọ ní máàkì kò ṣòro: pé ẹ̀rọ dùn ún bá sọ̀rọ̀ kò fi hàn pé ó mọ ohun tí ó ń sọ. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá fẹ́ mọ̀, àfi kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àpẹẹrẹ olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni ti wà nílẹ̀ níbòmíràn. Ní 1936, àwọn kan dá Consumers Union sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa yẹ ọjà wò fún àwọn tí ń rà á. Ní 1957, ìwé *Which?* bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì kọ̀ láti gba ìpolówó ọjà. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kì í gba èyí tí ilé-iṣẹ́ bá ṣà wá fún wọn. Àwọn òǹkàwé ni ó ń bọ́ wọn, àwọn òǹkàwé náà ni wọ́n sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Ẹni tí ó bá ń yẹ ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n wò lónìí, tí ó sì ń gba ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tí ó ń jẹ èrè lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá rà á, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò níwájú àpẹẹrẹ yìí.

Nígbà tí ó ṣe, àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti ṣe òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ayé yóò máa lò. Ìdíje ImageNet, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, fún gbogbo ẹgbẹ́ ní àwòrán kan náà láti dá mọ̀, ó sì fi ìdáhùn pamọ́ sọ́wọ́ àwọn olùṣètò. Ire tí ó wà nínú rẹ̀ hàn ní 2012. Ẹgbẹ́ kékeré kan láti Yunifásítì Toronto ṣe àṣìṣe bíi 15.3 nínú 100, nígbà tí ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ṣe 26.2. Kò sí ìpolówó tí ó lè borí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn olùṣètò rí i pé ẹgbẹ́ kan láti ilé-iṣẹ́ Baidu ní Ṣáínà ti lo orúkọ púpọ̀ láti dán iṣẹ́ wọn wò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí òfin gbà lọ. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe kópa fún oṣù 12. Bí a bá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdánwò kan náà ní ìgbà 200, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ìdáhùn láìmọ iṣẹ́.

Irú ọ̀ràn yìí tún ṣẹlẹ̀ láìpẹ́. Ní 2023, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley dá Chatbot Arena sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wù ú yóò béèrè ìbéèrè, ẹ̀rọ méjì tí a fi orúkọ wọn pamọ́ yóò dáhùn, olùbéèrè yóò sì yan èyí tí ó wù ú kí a tó sọ orúkọ wọn. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní 2025, ìwé ìwádìí kan fi hàn pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní àǹfààní láti dán oríṣiríṣi ẹ̀rọ wò níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n sì gbé èyí tí ó dára jù nìkan jáde. Ó ní Meta dán ẹ̀rọ 27 wò bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé Llama 4 jáde. Kí a má sì gbàgbé pé lára àwọn tí ó kọ ìwé náà ni òṣìṣẹ́ Cohere, ilé-iṣẹ́ tí òun náà ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí kò sọ ọ̀rọ̀ wọn di irọ́. Ó kàn túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni a óò wò, kì í ṣe ojú ẹni tí ó kọ ọ́.

Àléébù kan tún wà tí ìdánwò olóòótọ́ pàápàá lè bò mọ́lẹ̀, èyí ni àléébù àròpín. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru yẹ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, àwọn ẹ̀rọ tí ó ń wo ojú ènìyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwòrán 1,270 ni wọ́n lò, ti àwọn aṣòfin ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́ta àti ti Yúróòpù mẹ́ta. Bí a bá wo àròpín, gbogbo ẹ̀rọ náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín in sí ìsọ̀rí, àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ kò ju 0.8 nínú 100 lọ, nígbà tí ti obìnrin aláwọ̀ dúdú dé 34.7. Àwọn olùṣèwádìí náà fi àbọ̀ wọn ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ náà, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní 2019, Inioluwa Deborah Raji, ẹni tí a bí ní Nàìjíríà, àti Buolamwini padà lọ wò ó. Àwọn mẹ́ta tí a ti dárúkọ ti tún ẹ̀rọ wọn ṣe dáadáa. Àwọn méjì tí a kò yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ ni ó burú jù. Ìyẹn ni èrè ìdánwò òmìnira: ó ń tún ọjà ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa nìyí. Ní 2013, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìwé Yorùbá tí a fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀sìn. Bí a bá wá fi ìwé ẹ̀sìn dán an wò, yóò yege. Bí a bá mú un lọ sí ọjà tàbí ilé ìwòsàn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a óò rí. Nítorí èyí ni David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kó MENYO-20k jọ ní 2021, gbólóhùn 20,100 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, láti inú ìròyìn, ọ̀rọ̀ orí rédíò, sinimá àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 2022, àwọn olùyẹ̀wò tí ó gbọ́ onírúurú èdè ka àkójọ ọ̀rọ̀ 205 tí a ti kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kéré tán, 15 nínú wọn kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó wúlò. Orúkọ èdè wà lára ìgò, omi ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 2024, IrokoBench fi ìbéèrè tí ènìyàn túmọ̀ sí èdè Áfíríkà tí ó lé ní 15, Yorùbá sì wà lára wọn, dán àwọn ẹ̀rọ ńlá wò. Àlàfo ńlá ni ó rí láàárín èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè wa.

Iṣẹ́ ribiribi ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì kò lè béèrè ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ẹ fún ẹ̀rọ ní gbólóhùn yìí: "Ìyá Bísí ti dé láti oko, wọ́n ti jẹun, wọ́n sì ti sùn." Ẹni mélòó ni ó sùn? Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ìyá kan ṣoṣo ni, àti pé ọ̀wọ̀ ni ó sọ "ó" di "wọ́n". Ẹ béèrè ìyàtọ̀ igba, igbá, ìgbà, igbà àti ìgbá. Kí ẹ tún kọ wọ́n láìsí àmì ohùn nínú gbólóhùn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ ọ́. Ẹ ní kí ó kọ márùndínláàádọ́ta àti òjìdínnírinwó ní nọ́ńbà. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ Èkìtì tàbí ti Ìjẹ̀bú. Àwọn ìlànà ìdíwọ̀n kan wà tí ó kàn ń ka iye ọ̀rọ̀ tí ó bá ti atúmọ̀ mu, irú èyí tí a ń pè ní BLEU, tí ó jáde ní 2002. Ó yára, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn ọlọ́rọ̀ ogún, bí ẹ̀rọ bá kọ "ó" níbi tí "kò" yẹ kí ó wà, máàkì rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín, bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ ti dojú dé.

Kí ni olùkọ́ lè ṣe? Kò nílò owó púpọ̀. Kí ó kọ ìbéèrè tirẹ̀ láti inú iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó má sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀rọ òde òní ti ka ohun púpọ̀ níbẹ̀, ó sì lè ti ka ìwé ìdánwò pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Kí ó béèrè ìbéèrè kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí pé ìdáhùn àná lè yàtọ̀ sí ti òní. Kí ẹlòmíràn yọ orúkọ kúrò lára ìdáhùn, kí ó fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi sí àárín wọn, kí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta sì fún un ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ máàkì ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kì í ṣe àròpín nìkan: ohùn, ọ̀wọ̀, nọ́ńbà, òwe. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ, irú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò. Kí wọ́n sọ ẹni tí ó sanwó. Kí wọ́n yin ibi tí ẹ̀rọ ti ṣe dáadáa, nítorí ẹni tí kì í yìn kò yàtọ̀ sí ẹni tí kì í báni wí.

Ní tiwa, a ti ń fún ọmọ ènìyàn ní máàkì nínú èdè Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. A mọ bí a ṣe ń kọ ìbéèrè, a mọ bí a ṣe ń fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́, a sì mọ bí a ṣe ń pe olùdánwò láti ìta kí ó wá yẹ iṣẹ́ wa wò. Kò sí ohun tí ó yẹ kí ó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí a bá dákẹ́, ẹlòmíràn yóò fún àwọn ẹ̀rọ náà ní máàkì nínú èdè tí òun kò gbọ́, ọmọ wa yóò gba ìwé ẹ̀rí náà gbọ́, yóò sì máa kọ́ Yorùbá lẹ́nu ohun tí ó sọ ìyá kan di ènìyàn mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, kí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ire àti àléébù pọ̀.